Ṣé Ó Tọ́ Kí Ẹgbẹ́ Aláàánú Máa San Owó Oṣù Òṣìṣẹ́ Ibùdó Tí Ó Ń Ràn Lọ́wọ́?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ní Kábà:

Okun o, ẹ̀yin ará wa. Akọ̀wé ni mí nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan níhìn-ín. Ó di ọdún kẹfà báyìí tí a ti ń kó ìrẹsì, ọṣẹ àti fóòmù lọ sí ibùdó kékeré kan tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ́ àkàndá ẹ̀dá, ní gbogbo oṣù Kejìlá. Lọ́dún yìí, ibùdó náà kọ lẹ́tà sí wa pé ìrẹsì tí ó wà nílẹ̀ ti tó, pé ohun tí àwọn ń fẹ́ ni kí a bá àwọn san owó oṣù òṣìṣẹ́ méjì. Ìpàdé wa dàrú. Àwọn kan ní ọmọ ni a ń ṣàánú fún, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Àwọn mìíràn ní bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í san owó oṣù, kò ní sí ọjọ́ tí a óò lè dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, kí ni ẹ rí sí i?

* * *

Màmá akọ̀wé, mo ní kí ẹ san án.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti gbà, nítorí èmi fúnra mi wà lára àwọn tí wọ́n kọ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ wá síwájú ẹgbẹ́ tiwa ní Yàgbà, níbi tí mo ti ṣe àkápò fún ọdún mẹ́sàn-án. Ohun tí a ṣe dípò rẹ̀ ni pé a ra jẹnẹrétọ̀ ńlá fún ibùdó kan tí ó ń kọ́ àwọn opó ní iṣẹ́ aránṣọ. A pe àwọn èèyàn, a gbàdúrà, a ya fọ́tò. A kò ṣètò kọ́bọ̀ kan fún dísẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni nínú wa kò béèrè bóyá olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn obìnrin náà ti gba owó rẹ̀. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, olùkọ́ náà ti kó lọ sí Ìlọrin, níbi tí ó ti rí iṣẹ́ tí yóò fi bọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà nílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wà nílẹ̀, àwọn opó náà wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò kọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ti san owó ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Ìsánlú, ó ti gbọ́kàn lé e pé nígbà tí ó bá fi di ìgbà ọdún, òun yóò ti mọ bí wọ́n ṣe ń gé bùbá. Ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Ìrẹsì kì í wẹ ọmọ. Ọmọ tí kò lè di ife mú fúnra rẹ̀ nílò ẹni tí yóò bá a di ife náà mú ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, yálà àlejò wá tàbí kò wá. Àánú tí ẹ ń ṣe fún ọmọ náà, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni ó ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

* * *

Mo ti ka èsì tí gbogbo yín kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí láti àná. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ti àwọn tí wọ́n ní owó tí a bá kó lé ibùdó lọ́wọ́ yóò di jíjẹ, pé ìrẹsì ṣeé kà, fóòmù ṣeé kà, ṣùgbọ́n bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́, ta ni yóò mọ ibi tí ó gbà? N kò fojú kéré ìbẹ̀rù yìí, nítorí owó ẹgbẹ́ tiwa náà sọnù rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ó ti sọnù. Owó òrùlé ni. A fẹ́ kan òrùlé gbọ̀ngàn kan, àwọn aṣáájú wa mú kọńtírátọ̀ wá, a san èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú owó iṣẹ́ náà kí páànù kan ṣoṣo tó débẹ̀, a kò sì tún fojú kan ọkùnrin náà mọ́. Nínú owó oṣù tí a padà wá ń san fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, a kò pàdánù náírà kan, nítorí pé owó oṣù ní ẹni tí ó ń retí rẹ̀. Bí kò bá dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ nígbà tí oṣù bá parí, òṣìṣẹ́ náà ni yóò kọ́kọ́ pariwo, ẹ̀yin yóò sì gbọ́. Páànù tí kò dé kì í pariwo.

Ẹnì kan wá dámọ̀ràn pé kí ẹgbẹ́ máa fi owó náà ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì àwọn òṣìṣẹ́, kí ó má ṣe gba ọwọ́ ibùdó kọjá rárá. Mo lòdì sí i gidigidi. A ṣe é fún bí oṣù mẹ́jọ. Ní ọjọ́ tí ìyá tí ó jẹ́ olórí ibùdó bá ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà wí nítorí pé ó pẹ́ dé, ohun tí ó fi dá ìyá àgbà náà lóhùn ni pé, "Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ń san owó mi ni?" Láti ọjọ́ náà ni àṣẹ ti kúrò lọ́wọ́ ìyá náà. Àwa tí a rò pé à ń ran ibùdó lọ́wọ́ ni a gba àṣẹ lọ́wọ́ olórí rẹ̀ láìmọ̀. Kí owó wọ àkáǹtì ibùdó, kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí ìwé kí ó tó jáde, kí ìwé tí òṣìṣẹ́ fi gba owó wà nínú fáìlì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wò ó: èyí ni ó tọ́.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ní kí ẹgbẹ́ gba ibùdó náà pátápátá, kí ó máa darí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má ṣe é. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa máa ń yí padà ní ọdún méjì-méjì, ìdajì wọn sì ń gbé ní Lọ́kọ́ja, Àbújá tàbí Èkó. Ọmọ tí wárápá ń gbé ní òru kò lè dúró de ìpàdé oṣù.

* * *

Ní ti iye owó, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀, nítorí pé òkùnkùn ni ìbẹ̀rù máa ń gbé. Láti oṣù Keje ọdún 2024, owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ní Nàìjíríà ni 70,000 náírà. Òfin náà kò de ibi tí òṣìṣẹ́ wọn kò bá tó 25, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ibùdó kéékèèké fi máa ń san iye tí ó kéré gan-an sí i láìṣẹ̀ sófin. Ṣùgbọ́n ọjà tí òṣìṣẹ́ ibùdó ń ná náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba ń ná, láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ nìkan ti tó lé èèyàn kúrò nínú iṣẹ́.

Bí ẹ bá san 70,000 fún ẹni méjì, ó di 140,000 lóṣù, 1,680,000 lọ́dún. Bí ẹ bá jẹ́ 60 nínú ẹgbẹ́, ó jẹ́ 28,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, èyí tí kò pé 2,400 lóṣù. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ ń ná ní oṣù Kejìlá, kí ẹ sì ka gbogbo rẹ̀: ìrẹsì, owó ọkọ̀ tí ó gbé e, kánópì, oúnjẹ àlejò, aṣọ ẹgbẹ́ àti ẹni tí ó ń ya fọ́tò. Bí owó yín kò bá tó ti ẹni méjì, ẹ san ti ẹnì kan. Ẹnì kan tí ó dájú pé owó rẹ̀ yóò wọlé fún ọdún méjì sàn ju ẹni mẹ́ta tí a óò fi sílẹ̀ ní oṣù kẹfà.

* * *

Arákùnrin kan láti Mọ̀pà béèrè pé, lẹ́yìn owó oṣù, kí ni à ń pè ní fífún ibùdó lágbára, nítorí pé ó ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aláàánú láìrí ìdí rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Ibùdó kan wà tí mo mọ̀, tí gbogbo rẹ̀ wà lórí obìnrin kan ṣoṣo, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ó ṣe é fún ọdún mẹ́rin láìgba owó. Ọmọ rẹ̀ bímọ ní Àbújá, ó lọ bá a tọ́jú ìkókó, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kẹta, àìsàn gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n béèrè oògùn tí ọmọ náà ń lò tẹ́lẹ̀ àti èyí tí kò bá a lára mu. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ìwé wà, ṣùgbọ́n inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ó wà, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú báàgì ìyá náà ní Àbújá, wọn kò sì rí i bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo òru yẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń méfò lórí ẹ̀mí ọmọ èèyàn.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ohun tí ẹgbẹ́ wa san owó fún kò jọ ohun ìṣògo rárá. A ra ìwé àkọsílẹ̀ ìlera ọmọ ní méjì-méjì, ọ̀kan fún ibùdó, ọ̀kan fún ilé ìwòsàn. A gé kọ́kọ́rọ́ kejì. A san owó fún ọ̀dọ́bìnrin kan láti fi oṣù mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé owó àti ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ, kí iṣẹ́ náà má bàa wà nínú orí ẹnì kan mọ́. A tún bá ibùdó náà san owó ìforúkọsílẹ̀, nítorí pé láìsí ìwé CAC, àjọ ìjọba tí ó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ òfin CAMA ti ọdún 2020 tí ó de irú wọn, àti láìsí ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tí ó ń gbógun ti fífi owó èrú pamọ́, èyí tí àwọn báńkì ń béèrè kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, owó ibùdó yóò máa wọ àkáǹtì ara ẹni ìyá yẹn títí ayé. Bí ìyá náà bá sì kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ni owó ọmọ náà yóò bá lọ. Ẹ má gbàgbé pé ìforúkọsílẹ̀ nìkan kò tó. Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ tí ó bá forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé ọdún rẹ̀ ránṣẹ́ sí CAC, láàárín 30 oṣù Kẹfà sí 31 oṣù Kejìlá. Ọ̀pọ̀ ibùdó ní agbègbè wa ni kò mọ̀, tí owó ìtanràn sì ń gorí ara wọn.

Ẹni tí ó bá ti dé ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ yóò mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn àgbà ṣì ń sọ ìtàn Titcombe, míṣọ́nnárì tí ó dé sí Ẹ̀gbẹ̀ ní ọdún 1908. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e ni pé wọn kò fi mọ sórí ilé àti ẹ̀rọ, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ wa kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ilé ìwòsàn náà sì kọjá ọjọ́ ayé àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

* * *

"Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn." Èsì mẹ́ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò jẹun lálẹ́ òní.

Ohun tí mo fẹ́ kún un ni pé ẹgbẹ́ aláàánú tí ó mọ ibi tí owó ìjọba wà kò ní fi owó tirẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ìjọba ti yàn owó fún. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó rẹ̀ fún ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé. Dípò kí ẹ máa ra pàrásítámọ́ọ̀lù fún ibùdó ìlera àdúgbò, ẹ rán ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ yín lọ sínú ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, kí ó máa béèrè iye tí ó wọlé àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Ètò CSDP, ètò ìdàgbàsókè ìlú tí Báńkì Àgbáyé ṣonígbọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà kan, náà ní ẹ̀kọ́ kan tí mo fẹ́ràn: àwọn ará ìlú ni wọ́n máa ń yan ohun tí wọ́n nílò nígbà náà, wọ́n sì máa ń mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye owó náà wá, ní owó tàbí ní iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn tí wọ́n ru yanrìn ilé kan kì í jẹ́ kí wọ́n jí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbé.

Ẹ pe òṣìṣẹ́ ìtọ́jú aráàlú ìjọba ìbílẹ̀ yín sí ìpàdé àkọ́kọ́ tí ẹ óò bá ibùdó náà ṣe. Kódà bí kò bá ní owó lọ́wọ́, òun ni ó yẹ kí ó mọ iye ọmọ tí ó wà níbẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti wá.

* * *

Mo padà wá nítorí ohun tí ìyá kan láti Ìyàrà kọ, tí ó dùn mí. Ó ní ibùdó tí òun ń bójú tó ń gba ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọ méjì, ẹgbẹ́ àwọn mùsùlùmí kan, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n wà lẹ́yìn odi, ẹgbẹ́ márùn-ún lápapọ̀, tí olúkúlùkù sì ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ọjọ́ àbẹ̀wò tirẹ̀ àti irú fọ́tò tí ó ń béèrè. Akọ̀wé kan ṣoṣo tí ó ní ń fi ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kọ ìròyìn. Iṣẹ́ aláàánú ni èyí ń pa lára, àwa aláàánú ni a sì fà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1887, ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, àwọn olórí ìsìn mélòó kan àti obìnrin Júù kan tí ń jẹ́ Frances Wisebart Jacobs pinnu pé kí gbogbo àwọn ilé aláàánú ìlú náà má ṣe máa tọrọ owó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́: kí wọ́n kó owó jọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì pín in. Láti inú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ aláàánú tí wọ́n ń pè ní United Way lónìí ti jáde. A kò nílò nǹkan ńlá bẹ́ẹ̀ ní Ìjùmú tàbí ní Bùnú. Àwọn akápò ẹgbẹ́ márùn-ún náà lè jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí wọ́n fẹnu kò lórí fọ́ọ̀mù kan, ọjọ́ àbẹ̀wò kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta àti ìwé owó kan tí gbogbo wọn yóò jọ máa wò. Kí ọ̀kan máa san owó oṣù, kí òmíràn máa ra oúnjẹ, kí ẹlòmíràn máa ra oògùn. Àáró ni àwọn bàbá wa fi ń roko ara wọn, kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè pé kí wọ́n kọ orúkọ òun sórí ebè.

Ní ti fọ́tò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé gbé ojú àwọn ọmọ náà sórí WhatsApp. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀. Ọmọ yóò dàgbà, yóò wá ọkọ tàbí aya, yóò wá iṣẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́tò ọjọ́ tí a fún un ní gàrí hàn án.

* * *

Àwọn kan ń béèrè nípa owó tí kì í tán, ìyẹn ni kí a kó owó kan pamọ́, kí a máa ná èrè rẹ̀ nìkan. Ọlọ́gbọ́n èrò ni. Frederick Goff, ọ̀gá báńkì kan ní Cleveland, ni ó bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ fún odidi ìlú ní ọdún 1914, ní Kẹ́ńyà náà wọ́n ti dá ti wọn sílẹ̀ láti ọdún 1997. Ṣùgbọ́n náírà kì í ṣe dọ́là. Ẹgbẹ́ wa fi owó kan sí báńkì fún ọdún mẹ́ta, èrè ń wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi máa kó o jáde, gbogbo owó náà pẹ̀lú èrè rẹ̀ kò ra ìdajì ohun tí owó náà nìkan ì bá ti rà ní ọjọ́ tí a gbé e síbẹ̀.

Ohun tí ó bá ilẹ̀ wa mu jù ni kajú. Ìpínlẹ̀ Kogí wà lára àwọn ibi tí kajú ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà, igi náà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í so ní bí ọdún mẹ́ta. Ẹbí kan yọ̀ǹda ilẹ̀, a gbin kajú sí i lórúkọ ibùdó, a kọ ìwé ilẹ̀ náà dáadáa. Mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é mọ ìṣòro méjì. Ìkíní ni iná ìgbẹ́ ní àsìkò ọyẹ́: ọdún kejì ni iná jó ìlàjì oko náà, nítorí pé a kò ro etí rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ìkejì ni àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń wá rà á ní oko ní iye tí ó wù wọ́n, nígbà tí wọ́n mọ̀ pé owó ń kán ibùdó lójú. Láti ìgbà tí a ti ń gbẹ ẹ́, tí a sì ń tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí ọjà bá gbé e, ó ń san owó oṣù ẹnì kan àti díẹ̀ lé e.

* * *

Akọ̀wé wa ní Kábà padà wá lálẹ́ àná. Ó ní ẹgbẹ́ ti dìbò, àwọn tí wọ́n gbà fi díẹ̀ ju àwọn tí wọ́n kọ̀ lọ, wọn yóò sì san owó òṣìṣẹ́ kan fún ọdún kan ná. Ó ń béèrè ohun tí wọn yóò kọ sínú ìwé àdéhùn.

Inú mi dùn gan-an, Màmá. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ọdún méjì bí ẹ bá lè yí wọn lọ́kàn padà, nítorí pé ẹni tí ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun yóò parí lọ́dún tí ń bọ̀ yóò ti máa wá òmíràn láti oṣù Kẹjọ. Ẹ kọ iye owó náà àti ọjọ́ tí yóò máa wọlé lóṣooṣù. Ẹ kọ ọ́ pé ibùdó ni ó gba òṣìṣẹ́ náà síṣẹ́, òun ni ó sì lè dá a dúró. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ óò wo ìwé owó ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì sọ orúkọ ẹni méjì tí yóò máa wá wò ó, kí ó má di pé gbogbo ẹgbẹ́ ń rọ́ wá. Ẹ kọ ọ́ pé bí ẹ kò bá ní lè máa bá a lọ, ẹ óò sọ fún wọn ní oṣù mẹ́fà ṣáájú: èyí ni yóò fi àwọn tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ẹ kò ní lè dáwọ́ dúró láé lọ́kàn balẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ka ìwé náà sí etí òṣìṣẹ́ tí ẹ fẹ́ san owó rẹ̀, ní èdè tí ó gbọ́, kí ẹ sì béèrè ohun tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a ṣe é ní Yàgbà, ohun tí òṣìṣẹ́ náà bẹ̀ wá fún ni ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀, a kò sì tíì ronú kàn án rárá.